Dùùrù Ọparun ti Las Piñas: bí ó ṣe yadi, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe padà

Ní ọdún 1973, wọ́n tú dùùrù kan palẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Jósẹ́fù Mímọ́ ní Las Piñas, ìlú kan ní ìhà gúúsù Manila ní orílẹ̀-èdè Filipínì. Wọ́n yọ fèrè rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dì wọ́n bí ẹni ń di ẹyin, wọ́n kó wọn sínú àpótí, ó di òkè òkun. Ìlú Bonn ní Jámánì ni wọ́n ń gbé e lọ, lọ́dọ̀ ìdílé kan tó jẹ́ pé dùùrù ṣíṣe ni iṣẹ́ àjogúnbá wọn. Ó ku ọdún kan kó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti parí dùùrù náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn ló fi wà láìfọhùn, tàbí kó máa fọhùn bí ẹni tí òtútù mú.

Fèrè 1,031 ló ń kọrin nínú rẹ̀. Ọparun ni 902 nínú wọn. Irin ni 129 tó kù. Ọparun yìí náà ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àti ọgbà nílẹ̀ Filipínì, òun ni wọ́n sì fi ṣe ohun tí àwọn ará Yúróòpù máa ń fi tánganran àti òjé ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni bí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe di odi, ohun tí àwọn tó ni ín ṣe sí i, àti ìdí tí mo fi gbà pé wàhálà dùùrù yìí kò tán lọ́jọ́ tó ti Jámánì dé. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà náà kí ó tó tán, ọwọ́ àwọn ọmọ Las Piñas fúnra wọn ló sì ti tán.

Ìlú oníyọ̀

Etí òkun Manila ni Las Piñas wà. Iṣẹ́ ẹja àti iyọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n á tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á jẹ́ kí omi òkun wọ orí rẹ̀, oòrùn á fa omi náà gbẹ, wọ́n á wá fi igi wọ́ iyọ̀ jọ ní òkìtì òkìtì. Lónìí, Manila ti gbòòrò títí ó fi gbé ìlú náà mì. Àwọn jeepney, ọkọ̀ akérò aláràbarà tí gbogbo ayé fi ń mọ Filipínì, ní Las Piñas ni ilé iṣẹ́ Sarao ti kan ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní 1795, fádà kan dé síbẹ̀ láti máa bójú tó ìjọ. Diego Cera lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Graus ní Sípéènì, tí wọ́n bí ní 1762, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ Augustinian Recollect. Ó ti mọ iṣẹ́ dùùrù kó tó dé Las Piñas. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé fádà tálákà kan kò rí irin rà, ló bá fi ọparun ṣe àfirọ́pò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó mọ bí a ti ń fi irin ṣe é ló fojú sílẹ̀ yan ọparun. Òkúta ni ó fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, iṣẹ́ yẹn sì gbà á ní ohun tó lé ní ogún ọdún, láti 1797 títí di 1819. Àárín rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ dùùrù. Las Piñas ló ti ṣiṣẹ́ títí di 1832, ọdún tó kú.

Kí a tó wo ọparun yẹn, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí yóò fi etí gbọ́ ọ. Nígbà tí Cera dé, ó ti lé ní igba ọdún tí Sípéènì ti ń jọba lórí àwọn ará ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Filipínì: Tagalog, Ilokano, Bikolano, Bisaya àti àwọn yòókù. Àwọn ará orí òkè Cordillera kò gbà wọ́n láyè tó bẹ́ẹ̀, agogo pẹrẹsẹ wọn ni wọ́n ń lù lọ. Àwọn Mùsùlùmí Mindanao náà kò jáwọ́ nínú kulintang, agogo olórí kókó tí wọ́n máa ń tò ní ìlà. Ṣùgbọ́n àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ di Kátólíìkì, orin wọn sì bá a yí.

Ó yí, àmọ́ kò sọnù. Wọ́n gba ìtàn ìjìyà Jésù, wọ́n sọ ọ́ di ewì ní èdè tiwọn, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ìlà márùn-ún, ìlà kọ̀ọ̀kan sílébù mẹ́jọ, tí wọ́n máa ń kọ lórin tọ̀sán tòru ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, tí ẹgbẹ́ kan bá kọ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kejì á gbà á. Wọ́n gba ohun èlò olókùn ti àwọn ará Sípéènì, wọ́n kó bandurria, laúd, octavina àti gìtá jọ, ó di rondalla. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó á gbé gìtá lálẹ́, á dúró sábẹ́ fèrèsé ọmọge, á máa kọrin, harana nìyẹn. Nígbà tó yá, kundiman náà jáde, orin ìfẹ́ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sunkún, tó sì máa ń parí bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti là. Bí ẹnì kan bá ní kí n yọ dùùrù ọparun kúrò nínú orin ìbílẹ̀ wọn nítorí pé fádà òyìnbó ló ṣe é, èmi á bi í pé kí ni yóò wá kù tí a bá fi ojú bẹ́ẹ̀ wo rondalla àti orin Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ọwọ́ àwọn Tagalog ló gé ọparun yẹn, ọwọ́ wọn ló gbẹ́ ẹ. Igi ilẹ̀ wọn ni.

Ọparun nínú iyanrìn

1816 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọparun.

Ẹni tó bá ti fi ọparun tútù ṣe nǹkan rí mọ ohun tí kòkòrò lè ṣe. Oje tó wà nínú rẹ̀ dùn lẹ́nu wọn. Ó lè dán lójú lónìí, kó tó oṣù mélòó kan, ihò wínníwínní á ti kún ara rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á rún. Ti fèrè wá burú jù, nítorí bí ihò bá ti lu ara fèrè, ohùn rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gé ọparun tán, Cera kò gbé e lọ sílé iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ iyanrìn etí òkun, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wà níbẹ̀. Omi iyọ̀ ń wọ̀ ọ́, ó ń ṣàn jáde, ó ń fọ oje inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n hú u jáde, èyí tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n sọ ọ́ nù. Èyí tí ara rẹ̀ pé ni wọ́n mú. Bí mo bá ti rò ó dé ibí, ìlú oníyọ̀ yẹn máa ń yé mi dáadáa. Àwọn tó ń fi oòrùn àti omi òkun ṣe iyọ̀ lójoojúmọ́ kò ní kọminú sí ẹni tó ní kí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú igi.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú fèrè kan ṣoṣo nínú 902 yẹn, kí ẹ wò ó. Ọparun ní oríkèé, oríkèé kọ̀ọ̀kan sì dà bí ilẹ̀kùn tí a tì láti inú. Wọ́n ní láti lu gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì gbẹ́ inú ọparun náà títí á fi dán, nítorí ohun kékeré tó bá yọ sí afẹ́fẹ́ lọ́nà á yí ohùn padà. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ á gbà wọlé. Wọ́n á la ẹnu fún un lókè ẹsẹ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ á gba ojú ihò tóóró kan jáde, á sì lọ gbá ètè tí wọ́n gbẹ́ sókè ẹnu náà. Bí ètè yẹn bá nípọn jù, fèrè á máa mí hẹ̀ẹ̀ láìkọrin. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù tàbí tó wọ́, á máa han gooro.

Gígùn ló ń sọ bí ohùn yóò ṣe ga tó: fèrè gígùn, ohùn ìsàlẹ̀, fèrè kúkúrú, ohùn òkè. Fífẹ̀ inú rẹ̀ ló ń sọ irú ohùn tí yóò jẹ́, bóyá yóò rọ̀ tàbí yóò mú. Ibí yìí gan-an ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún Cera àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fi irin ṣe fèrè, bí ó bá ti fẹ́ kó fẹ̀ tó ni yóò ká páànù rẹ̀ tó. Ọlọ́parun kò lè ká ọparun. Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni yóò ṣe lò ó. Bí ó bá nílò fèrè tó fẹ̀ tó báyìí, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ kéré sí i, tí ẹ̀kẹta tún kéré sí ìyẹn, àfi kó wọ inú igbó lọ wá ọparun tó bá a mu. Kó tún padà lọ. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1821, ó ku ẹyọ ohun kan. Dùùrù Sípéènì ní fèrè kan tí wọ́n máa ń yọ síta lọ́ọ̀ọ́kán, tí ẹnu wọn kọjú sí àwọn èèyàn, tí wọ́n sì máa ń dún bí kàkàkí nígbà tí ọba bá ń jáde. Ọparun kò lè fún Cera ní ohùn yẹn. Kò fi agídí lé e. Ó fi irin ṣe àwọn yẹn, ó sì parí dùùrù ní 1824. Ọdún kẹjọ nìyẹn tí wọ́n ti gé ọparun àkọ́kọ́.

Ó tún fi ohùn ẹyẹ àti ohùn ìlù sí i gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn adùùrù Sípéènì. Nínú àṣà yẹn, fèrè kéékèèké ni wọ́n máa ń ki ẹnu wọn bọ omi. Bí afẹ́fẹ́ bá gbà á kọjá, omi á máa hó, fèrè á sì máa ké bí ẹyẹ òwúrọ̀.

Bí ó ṣe yadi

Àwọn èèyàn máa ń rò pé tí dùùrù bá dákẹ́, fèrè rẹ̀ ló fọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fèrè ọparun kò ní ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìkán kò bá jẹ ẹ́, tí nǹkan kò wó lù ú, ó lè dúró títí ayé. Abẹ́ fèrè ni ìyọnu máa ń wà. Ibẹ̀ ni ẹwìrì wà, irú tí alágbẹ̀dẹ ń fi finá, àmọ́ tó tóbi jù ú lọ púpọ̀, tí wọ́n fi awọ ran. Ẹwìrì á ti afẹ́fẹ́ sínú àpótí ńlá kan. Fún kíì kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan wà nínú àpótí yẹn tí ìdérí kékeré pa mọ́. Bí atẹdùùrù bá tẹ kíì, igi tín-ín-rín á fa ìdérí náà, afẹ́fẹ́ á ráyè wọ inú fèrè, fèrè á kọrin. Awọ lè ya. Páákó àpótí lè sán. Igi tín-ín-rín yẹn lè wọ́. Afẹ́fẹ́ á wá máa jò níhìn-ín lọ́hùn-ún bí omi nínú ìkòkò tó sán, fèrè tó pé pérépéré á sì dúró láìní èémí.

Filipínì sì jẹ́ ilẹ̀ tó ń mì, tí ìjì ń jà. Ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù keje ọdún 1880 wó ilé lulẹ̀ káàkiri Luzon, ó sì ba ṣọ́ọ̀ṣì Las Piñas àti dùùrù inú rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n tó rí i tún ṣe, ìjì líle ọdún 1882 tún dé. Òrùlé lọ. Ojú ọ̀run ni dùùrù ń wò. Òjò Filipínì kì í ṣe òjò tí ẹnì kan lè fi abọ́ gbe. Ó máa ń rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí ìjì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rinrin ló parí rẹ̀.

Wọ́n kó àwọn fèrè pamọ́ sínú yàrá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba Sípéènì dópin ní 1898, Amẹ́ríkà gbà á, àwọn fádà míì dé, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù láti inú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní CICM sì gba ìjọ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n tún dùùrù náà tò, wọ́n sì mú kí apá kan nínú rẹ̀ máa dún. Apá kan ni o. Ẹni tó bá wá wò ó á rí ohun àgbàyanu, àmọ́ ohun tí yóò gbọ́ kò tó ohun tó rí.

Ohun tó dùn mí jù nínú apá yìí kì í ṣe ìjì. Ìjì kò ní orúkọ tí a lè fi bá a wí. Ó dùn mí pé ìmọ̀ kò dúró sílùú. Cera kú ní 1832 láìsí ilé ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀, láìsí ìdílé kan ní Las Piñas tí yóò máa sọ pé, «iṣẹ́ tiwa ni dùùrù.» Ìgbà tí ìjì 1882 fi jà, àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ikú rẹ̀. Tí ìdílé bẹ́ẹ̀ bá wà ni, òrùlé ìbá lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan á ti fi ẹní bo àpótí afẹ́fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìrìn àjò sí Bonn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí wọ́n ti ní láti yan ọ̀nà kan. Àwọn fádà CICM, títí kan Mark Lesage àti Leo Renier, àwọn ará ìlú àti ìjọba pa ọwọ́ pọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè máa lẹ ibi tó ya pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe látẹ̀yìn wá, tàbí kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Èkejì ni wọ́n yàn. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ Johannes Klais ní Bonn. Ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni 1882, ọdún kan náà tí ìjì sọ dùùrù Las Piñas di aláìlórùlé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á béèrè pé kí ló dé tí ohun ìṣura ilẹ̀ kan yóò fi wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ àjèjì. Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí a bá gbé kúrò nílé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń padà. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun tí wọ́n ṣe tọ́, nítorí ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Filipínì. Ẹni tí eyín ń dùn kò ní sọ pé àfi ará ilé òun ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Ìṣòro kan wà tí Klais kò tíì bá pàdé nínú dùùrù Yúróòpù. Ọparun tó ti lo àádọ́jọ ọdún nínú ooru àti ọ̀rinrin etí òkun, bí a bá gbé e sínú yàrá Jámánì nígbà òtútù, tí iná ìmúlé-móoru ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, yóò là gbàràgbàrà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè ṣe ohun tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò ṣe. Nítorí náà, wọ́n ṣe yàrá kan lọ́tọ̀ ní Bonn tí ooru àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ dà bí ti Filipínì, inú rẹ̀ sì ni ọparun gbé. Níta, yìnyín, nínú yàrá yẹn, Las Piñas. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń làágùn nídìí fèrè Cera bí ẹni pé òkun Manila wà lẹ́yìn ògiri.

Wọn kò sọ ọ́ di tuntun. Wọ́n tún àpótí afẹ́fẹ́ ṣe, wọ́n tún ẹwìrì àti àwọn igi tó ń fa ìdérí ṣe, wọ́n fọ fèrè, wọ́n sì rọ́pò èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fèrè ọparun ṣì jẹ́ ti Cera. Iṣẹ́ tí iyanrìn ṣe ní 1816 kò já sí asán.

Lásìkò tí dùùrù ń gba ìtọ́jú lọ́hùn-ún, ilé rẹ̀ náà ń gba ìtọ́jú níhìn-ín. Ayàwòrán ilé Francisco Mañosa àti ẹnìkejì rẹ̀ Ludwig Alvarez ló darí àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bó ohun tí àwọn èèyàn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára kúrò, kí ó lè padà sí bí ó ti rí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mañosa yìí ni ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún ọparun, igi àgbọn àti àwọn ohun ìkọ́lé ilẹ̀ rẹ̀, tí Filipínì sì wá fi oyè Ayàwòrán Orílẹ̀-èdè dá lọ́lá ní 2018. Ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti tún ilé dùùrù ọparun ṣe. Mo ka iṣẹ́ ilé yìí sí ara iṣẹ́ dùùrù, nítorí àìsí òrùlé wà lára ohun tó pa dùùrù náà. Bí wọ́n bá gbé e padà sábẹ́ òrùlé tó ń jò, owó Bonn á ti wọmi.

Oṣù kẹta ọdún 1975 ni dùùrù padà dé. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, Wolfgang Oehms, atẹdùùrù ilé ìjọsìn ńlá ti Trier ní Jámánì, jókòó sí ìdí rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ìlú gbọ́. Àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn wo dùùrù yẹn lókè ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíkún rí títí di ọjọ́ yẹn. Ohùn ọparun kò le bí ti irin. Ó máa ń jáde pẹ̀lú èémí díẹ̀ lára, ó rọ̀, ó móoru, bí ẹni tó ń fọn fèrè létí odò. Nígbà tí àwọn kàkàkí irin bá wá ké láàárín rẹ̀, gbogbo ara á gbọ́ ọ.

Ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú

Àwọn tó ń kọ ìtàn yìí máa ń dá a dúró sí 1975. Èmi kò lè dá a dúró síbẹ̀. Ní 1824 náà, dùùrù yìí dún ní kíkún, síbẹ̀ ó yadi. Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tí Las Piñas ṣe tí ti 1824 kò fi tún ṣẹlẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọdún orin kan. Láti 1976, gbogbo oṣù kejì ọdún ni wọ́n ti ń ṣe Àjọ̀dún Dùùrù Ọparun, tí àwọn atẹdùùrù àti ẹgbẹ́ akọrin ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá. Ètò yìí wúlò fún dùùrù ju bí ẹni ti òde ṣe rò lọ. Dùùrù tí wọ́n mọ̀ pé àlejò máa tẹ̀ ní oṣù kejì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kìíní. Bí awọ kan bá ya, wọ́n á mọ̀. Bí ìkán bá yọjú, wọ́n á rí i. Àìbìkítà tó pa á nígbà kan kò rí àyè wọlé mọ́.

Èkejì ni ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọkùnrin Las Piñas, tí fádà Leo Renier kó jọ. Àwọn ọmọ ìlú lásán ni, ọmọ àwọn tó ń gbé àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù yẹn, wọ́n ń gbọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ fi mọ́ wọn létí bí ohùn ìyá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Armando Salarza, tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ dùùrù ní Ọ́stríà, tó sì padà wálé láti di atẹdùùrù àgbà tí ń bẹ nídìí dùùrù ọparun náà. Ọ̀kan míì ni Cealwyn Tagle. Òun kò lọ kọ́ títẹ̀. Ṣíṣe ni ó lọ kọ́ ní Yúróòpù, bí a ti ń gbẹ́ ètè fèrè, bí a ti ń ran ẹwìrì, bí a ti ń tún àpótí afẹ́fẹ́ tò. Nígbà tó padà dé, ó dá ilé iṣẹ́ dùùrù sílẹ̀, ó sì fi orúkọ fádà tó kú ní 1832 pè é: Diego Cera Organbuilders.

Ìdílé tí mo ní kò sí lẹ́yìn ikú Cera, òun nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Ní 2003, Ilé Ìṣẹ̀m̀báyé Orílẹ̀-èdè Filipínì kéde dùùrù náà ní Ìṣura Àṣà Orílẹ̀-èdè. Lásìkò yẹn náà, ó tún tó àkókò fún àtúnṣe ńlá. Ọgbọ̀n ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tó ti kúrò ní Bonn, ó sì nílò kí wọ́n tún tú u wò látòkè délẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àpótí tó wọ ọkọ̀ òkun. Kò sí yàrá tí wọ́n ní láti fi iná sọ di Filipínì. Ilé iṣẹ́ Tagle ló ṣe é, ní 2003 sí 2004, nílé, nínú ooru tí ọparun náà ti mọ́ láti ìgbà tó wà nígbó.

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa iṣẹ́ tó ṣẹ́kù, èyí tí kì í parí. Bí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ inú àwọn fèrè ọparun á gbóná, ohùn wọn á sì gòkè díẹ̀. Àwọn kàkàkí irin kì í bá wọn gòkè bẹ́ẹ̀, nítorí ahọ́n irin ló ń mú tiwọn dún. Ohùn méjèèjì á wá máa takò ara wọn. Ọparun 902 kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè máa rẹ́ lórí, kó máa fi kún nídìí, nítorí ooru ọjọ́ kan. Àwọn kàkàkí ni wọ́n máa ń tún ṣe. Wáyà kékeré kan wà lára ahọ́n kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á jókòó sídìí kíì, á tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò. Ẹnìkejì á wà lókè, á fi irin kékeré gbá wáyà náà sókè tàbí sísàlẹ̀, á tẹ́tí, á tún gbá a, títí irin á fi bá ọparun mu. Lẹ́yìn náà ni wọn á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.